Ìgò Òfìfo

Òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé, ó sì ti rẹ ọmọbìnrin kan tẹnutẹnu. Ìwé tó ń kà fún ìdánwò kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó ń kọ́ṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ oògùn, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ààrò ńlá mú ìyẹ̀fun oògùn gbẹ. Iṣẹ́ ti ọmọ ni láti mọ bí omi tó kù nínú ìyẹ̀fun náà ti pọ̀ tó. Yóò bu díẹ̀ sínú ìgò, yóò dé e pinpin, ẹ̀rọ yóò mú un gbóná títí omi inú rẹ̀ yóò fi di oru. Oru náà yóò gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, omi yóò sì yọ sókè lójú ẹ̀rọ bí òkìtì; bí òkìtì náà bá ṣe ga tó ni omi ṣe pọ̀ tó.

"Ìgò òfìfo ni kó o kọ́kọ́ wọ̀n láràárọ̀," ni ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onígò, máa ń sọ. "Atẹ́gùn inú ìgò ní omi tirẹ̀. Tó ò bá yọ ìyẹn kúrò, wàá ka omi ojú ọ̀run mọ́ ti oògùn."

Ọmọbìnrin náà yán. Ṣebí ó wọn ti àná? Ó fi ti àná ṣe ìṣirò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ní ìyẹ̀fun rẹ̀ tutù jù. Ó wọlé, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá Ààrò, àbí ẹ tètè paná ni?" Ìyá Onígò bi í.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, màdáámù. Àmọ́ ó ti ń rẹ̀ mí lọ́jọ́ mẹ́ta yìí. Ó lè jẹ́ pé mo sùn lọ."

Bàbá tó máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó sùn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dun ọmọ rẹ̀ wọra. Tó bá dákẹ́, wọn á da ìyẹ̀fun náà nù, wọn á sì gba ààrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Mi ò wọn ìgò òfìfo tòní. Tàná ni mo lò."

Ìyá Onígò wo òjò lójú fèrèsé. "Àná tí oòrùn mú ganrínganrín, tí atẹ́gùn gbẹ ju tòní lọ? Tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgò ni wàá máa fọ̀. O ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí màá fi ní kó o padà síbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wọn ìgò òfìfo, ó wọn ìyẹ̀fun, apá rẹ̀ wúwo. Ìyẹ̀fun náà gbẹ. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń hanrun. Ó rọra jí i.

"Bàbá, ó gbẹ. Ẹ ò sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá rẹ̀ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo dúpẹ́. Mo ti gbà pé mo sùn."

Gbólóhùn yẹn ló bá a délé. Kò sẹ́ni tí kì í rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá fò nítorí àárẹ̀, orí ẹni tó ti rẹ̀ jù wá lọ ló máa ń wó lé. Láràárọ̀, kí ó tó fọ ìgò kankan, ó máa ń bi ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé, "Ṣé ẹ ti wọn òfìfo?"