Ìlà Tí Kò Gbà Kí A Yí Òun Padà

Kò sí àbùmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣojú ẹni mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà láàyè.

Ní ọdún 2003, lẹ́yìn ìjà Warri, Hàlímọ̀ ni ó ń tọ́jú orúkọ àwọn tí à ń wá sínú kọ̀ǹpútà, ní gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí Ugbuwangue. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abísọ́lá wọlé. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí Láwàl, ọkọ rẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ogbe-Ijoh, tí kò sì padà. Ẹbí ti rán mọ́tò wá láti Ìjẹ̀bú: kí ó gba ìwé ikú, kí ó kó àwọn ọmọ wálé.

“Ẹ bá mi kọ ọ́, Àǹtí. Mọ́tò ń dúró.”

Hàlímọ̀ pa “à ń wá a” rẹ́ níwájú orúkọ Láwàl, ó tẹ “ó ti kú.” Kọ̀ǹpútà dáhùn: *O kò ní àṣẹ láti yí èyí padà.*

Ó tún un tẹ̀. Èsì kan náà.

“Madam, computer don craze,” ni Zachariah, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí.

“Dákẹ́ jàre.”

Láàárọ̀, ó ti kọ “ó ti kú” sí orúkọ márùn-ún, kò sì sí wàhálà. Ó jáde kúrò nínú ìwé orúkọ orí kọ̀ǹpútà náà, ó fi orúkọ alábòójútó padà wọ inú rẹ̀. Ó yẹ àṣẹ wò: kíkà, kíkọ, pípa rẹ́. Gbogbo rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ bí a bá ti irú ìwé yìí pa kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà, odindi rẹ̀ ni à ń tì. Kò mọ bí a ṣe ń ti ìlà kan ṣoṣo.

Hàlímọ̀ ká ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Mọ́tò fọn fèrè níta. Abísọ́lá dìde.

“Jókòó díẹ̀ sí i,” ni Hàlímọ̀ wí. Kò mọ ìdí.

Sálúbàtà ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rù hangogo.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń wá èèyàn? Ìyàwó mi ni mò ń wá.”

Abísọ́lá ké. Ó fò mọ́ ọn, ó ń fi báàgì lù ú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá ọmọ mi! Irú irùngbọ̀n wo rèé?”

Zachariah bẹ́ sí ijó. Hàlímọ̀ rọra bi Láwàl bóyá ó fọwọ́ kan ìwé náà.

“Èmi? N kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.”

Orúkọ méje ni ó kù tí wọ́n ní kí ó kọ ikú sí lọ́jọ́ náà. Ó tẹ èkíní. *O kò ní àṣẹ.* Ó tẹ èkejì. *O kò ní àṣẹ.* Títí dé ìkeje.

Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Zachariah, gbé àga méje wá.”

“For who, Madam?”

“Sáà gbé wọn wá.”

Wọ́n kọjú wọn sí ẹnu ọ̀nà.