Ohun Tó Ń Kan Gíláàsì Nínú Pijó Bàbá Morákinyọ̀

Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn Ìkẹ́rẹ́ mú bí ẹni tó ń bínú. Mercy, tíṣà tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Tèmídayọ̀, ń lọ aṣọ ní pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ìró kan níta.

Kó, kó, kó.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ènìyàn kankan lójú títì. Mọ́tò nìkan ló tò lọ bẹẹrẹ, ti ilé kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn. Ọgbà olóògbé Bàbá Morákinyọ̀ ò gbà ju mọ́tò méjì lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó mẹ́fà jọ, ojú títì ni wọ́n sì sọ di gáréèjì. Èyí tó dí ẹnu géètì Mercy ni Pijó àtijọ́ tí Bàbá fi sílẹ̀ kú. Inú rẹ̀ ni Bàbá ti máa ń mú bisikíìtì jáde fún Tèmídayọ̀, ọmọ Mercy, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Bàbá ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Wọ́n ń retí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun kí wọ́n tó sin ín. Mercy ti bá Adérẹ̀mí, àkọ́bí Bàbá, fa ọ̀rọ̀ Pijó yẹn títí.

"Bùrọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e kúrò lẹ́nu géètì mi."

"Ìyá Tèmídayọ̀, mọ́tò bàbá mi ni. Títí a ó fi sin ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa! Bó tilẹ̀ ń jóná, èmi ò ní fọwọ́ kàn án!"

Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Bàbá máa ń wá jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ẹnìkan ní òun rí orí lẹ́yìn gíláàsì. Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ ikọ́. Mercy a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yìí, inú Pijó yẹn gan-an ni ìró náà ti ń wá.

Kó, kó, kó.

Eruku ti bo gíláàsì rẹ̀ débi pé ojú ò lè rí inú. Mọ́tò náà mì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ó ti fèrèsé gbàgà, ó fa kọ́tìnì, ó kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà. Ìgbà tó ṣe àmín ló ṣàkíyèsí pé ilé ti pa rọ́rọ́ jù.

"Tèmi! Tèmídayọ̀!"

Kò sí nínú yàrá, kò sí ní kíṣìnnì. Géètì ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Igbe Mercy kó àdúgbò jáde. Wọ́n yẹ kànga wò. Wọ́n sáré dé ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Ẹ wá wò ó o, gbogbo wọn ló ń yà fún Pijó yẹn bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá!

Ìgbà náà ni Wòsílátù, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìyàwó Bẹ̀llò aládùúgbò wọn, ti ibi iṣẹ́ dé. Màmá àgbà kan fà á lápá. "Má gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn. Inú ulé ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ tó ń kàn. Bàbá ló wà níbẹ̀."

"Ṣé ó ṣì ń kàn?"

Wọ́n tẹ́tí. Kò kàn mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà wá bani lẹ́rù ju ìró lọ.

Wòsílátù fi ìbòrí rẹ̀ nu eruku ara gíláàsì. Àmì àtẹ́lẹwọ́ kan hàn, ó rin fún òógùn. Ó tún nù ún, kò parẹ́.

"Ìyá Tèmídayọ̀, inú ni ọwọ́ yìí wà. Ó sì kéré."

Mercy fò mọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Kò tì rárá. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn ti inú ló ti kán tipẹ́. Ooru rọ́ jáde lù wọ́n lójú, Tèmídayọ̀ sì ká jọ sílẹ̀ mọ́tò, kò mira.

"Ẹ gbé e sí ibòji!" Wòsílátù ń pàṣẹ. "Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi tútù nù ún lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu o, kò tíì jí. Ó ń mí. Mọ́tò dà?"

Adérẹ̀mí ti mú kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dí ara wọn pa, kò sí èyí tó lè jáde. Ó ju kọ́kọ́rọ́ nù, ó gbé ọmọ náà, ó sì sáré dé oríta, níbi tí wọ́n ti rí takisí. Ó ń sunkún. "Èmi ni mo ṣí i láàárọ̀ láti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. N ò tì í. Èmi ni."

Ìrọ̀lẹ́ ni Tèmídayọ̀ lajú nílé ìwòsàn. Mercy di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, mo lọ wá Bàbá. Kò sí níbẹ̀. Mo kan gíláàsì, mo kàn án títí. Mo gbọ́ tí ẹ pe Jésù. Ẹ wá ti fèrèsé."

Mercy sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Bí mọ́tò yín bá ju ọgbà yín lọ, ẹ wá ibòmíràn gbé e sí. Títì gbogbo wa ni, ọ̀nà tí a ó gbé aláìsàn gbà sì ni. Ẹ má dí géètì oní-géètì. Mọ́tò tí ẹ ò lò mọ́, ìbáà jẹ́ ti òkú, ẹ wọ́ ọ kúrò lójú títì, ẹ tì í pa, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó. Ẹ má fi ọmọ nìkan sílẹ̀ nínú mọ́tò, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá sọnù, bí ẹ ṣe ń wo kànga ni kí ẹ máa wo inú mọ́tò àti búùtù. Bí ìlẹ̀kùn bá tì, ẹ fọ́ gíláàsì tó jìnnà sí ọmọ.

Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró nínú mọ́tò, ẹ má sá. Ẹ lọ ṣí i wò. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ yín, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló ń pè.