Ẹ̀wù Tí Wọ́n Rán fún Ọkọ̀ Ẹ̀ṣọ́

Gbàù! Gbàù!

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá mira, ọta ni yóò jẹ lọ́sàn-án yìí!"

Ìyá Onísíìtì dojú bolẹ̀ láàárín fóòmù àti ègé awọ. Aṣọ síìtì ọkọ̀ ló ń rán. Ọkùnrin mẹ́ta sì ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ ńlá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gún awọ. Kò ní òmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, òun ni mo fi ń jẹun!"

"Àwa náà fẹ́ẹ́ jẹun, Màmá!"

Kòsíńbẹ̀ ló fèsì, ọ̀gá àwọn ọlọ́ṣà. Ó dé fìlà àféèrí. Tó bá ti pe ọfọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ojú kì í rí i mọ́.

Búùtù ọkọ̀ wọn ti kún. Wọ́n de ẹ̀rọ náà mọ́ orí ọkọ̀, wọ́n ju aṣọ ńlá kan bò ó, wọ́n sì so etí aṣọ náà wúruwùru.

Vùùùùm! Wọ́n lọ.

Kò pẹ́, píkọ́ọ̀pù àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò dé. Rọra, àbúrò ọkọ Ìyá Onísíìtì, ló ń wà á. Ọkọ̀ náà kì í sáré. Ìnagijẹ ọkọ̀ ló mọ́ awakọ̀ lára. Bàbá Ọlọ́dẹ jókòó tì í pẹ̀lú ìbọn.

"Ìyàwó wa, ṣé wọn ò ṣe ọ́ léṣe?"

"Ẹ̀rọ mi ni kí ẹ bi mí léèrè, ọkọ mi! Ẹ sún!"

Ó wọ inú ọkọ̀ tì wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló rán ẹ̀wù fún ọkọ̀ yìí. Ògbólógbòó tapólì àti aṣọ agbòjò tó ti ya ló lẹ̀ pọ̀. Ó nà án láti òrùlé wá sí ìdí ọkọ̀, ó le dan-in bí awọ ìlù.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ń bu afẹ́fẹ́ bí igbá ṣe ń bu omi," ló sọ fún wọn. "Afẹ́fẹ́ ló ń fà yín sẹ́yìn."

Láti ìgbà náà ni gbogbo gáréèjì ti ń bi Rọra léèrè bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ ṣègbéyàwó ni, Rọra náà sì ń ráhùn nítorí ẹ̀wù náà.

Wọ́n bọ́ sí títì gbọọrọ. Vùùùùm!

"Eré wa ti kọjá ọgọ́rin!" Rọra pariwo. "Kò débẹ̀ rí!"

"Ṣọ́ra kó má fò," ni Bàbá Ọlọ́dẹ wí.

Wọ́n rí àwọn ọlọ́ṣà níwájú. Aṣọ orí ọkọ̀ wọn ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Bí awakọ̀ wọn ṣe ń tẹná, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń fà á sẹ́yìn.

"Ẹ wo ìsokúso!" ni Ìyá Onísíìtì wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi!"

Kòsíńbẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé. Gbàù! Gbàù! Gbàù! Ọta gba ara ẹ̀wù ọkọ̀ kọjá. Fìlà rẹ̀ sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìbọn ló gbájú mọ́, kò mọ̀.

Pàù! Okùn já. Ẹ̀rọ yọ̀ sí apá kan, ọkọ̀ tẹ̀, taya han. Gbòlà! Wọ́n wọ kòtò.

Àwọn ọmọọṣẹ́ méjèèjì gbọ́wọ́ sókè. Kòsíńbẹ̀ ní tirẹ̀ jáde, ó ju ìbọn tí kò lọ́ta mọ́ nù. Ó dúró sẹ́bàá títì, ó di ojú, ó pe ọfọ̀ rẹ̀ tán pátápátá.

"Ẹ ò rí mi! Ẹ ò rí mi!"

"A rí ọ," ni Bàbá Ọlọ́dẹ wí, ó na ìbọn sí i láyà. "A tún rí ibi tí orí ẹ ti pá."

Kòsíńbẹ̀ fọwọ́ kan orí. Ó ṣojú wàì.

Rọra rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó wa, mo túúbá. Bá mi rán ti iwájú náà sí i."

Ìyá Onísíìtì ti wà nínú kòtò, ó ń nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ.

Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kán. Orí rẹ̀ ló kù. Ó fọwọ́ yí i wò: ó ṣì ń ránṣọ.