Ẹni Tó Ní Kí Bàbá Dá Oògùn Dúró

Bàbá ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tó bi ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìbéèrè náà.

"Dókítà mi, ṣé mo lè fi oògùn ilé ìwòsàn yìí sílẹ̀, kí n máa lo hóró áyù yìí dípò rẹ̀? Ti ilé ìwòsàn yẹn ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa ro mí."

Télọ̀ ni bàbá. Ọmọ náà kì í ṣe dókítà níbì kankan, kíláàsì sáyẹ́ǹsì ló wà nílé ìwé girama. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gba ipò kìíní ni bàbá ti ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo oníbàárà, orí ọmọ a sì máa wú. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé látìgbà tí ìyá ti di olóògbé.

Nígbà tí wọ́n sọ nílé ìwòsàn pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá, tí wọ́n sì fún un ní oògùn náà, ọmọ ló gba ìdí ààrò. Kò dín nǹkan mọ́, ó ń bó awọ adìẹ dànù, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò sì wọ́n nílé. Bàbá a máa ráhùn pé oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n ni, síbẹ̀ a máa jẹ ẹ́ tán, a tún lá abọ́.

Oníbàárà tó fún bàbá ní hóró áyù náà wà níkàlẹ̀, ó ń dúró de aṣọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọmọ. Ọmọ kò mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá mi," ló wí. "Áyù náà á ṣe iṣẹ́ kan náà."

Bàbá yíjú sí oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá rán ọmọ níwèé kò ṣòfò.

Ẹsẹ̀ kò ro bàbá mọ́ lóòótọ́, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, sísọ́ọ̀sì já bọ́ lọ́wọ́ bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ọmọ tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu bàbá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ dára púpọ̀, àmọ́ áyù kò lè rọ́pò oògùn. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n dá a dúró. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀. Ó rọra gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì fi ìka tọ́ka sí àyà ara rẹ̀.

Ọmọ bú sẹ́kún. "Èmi ni, Mà. N kò mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tó mọ̀."

Bàbá padà sílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Ọmọ ló kó àwọn aṣọ tí bàbá ti gé sílẹ̀ lọ fún àwọn tó ni wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n láti ilé dé ilé. Bàbá kò bá a wí rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹ̀gàn nínú "n kò mọ̀." Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Bàbá béèrè ọ̀nà o. Ẹni tó bi ni kò mọ̀ ọ́n, tí kò sì jẹ́wọ́.