Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí à ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlútítun, bàtà lẹ ó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Àwa ọmọ ìjọ là ń ṣiṣẹ́ fúnra wa. A ti ta òróró sí ilẹ̀ náà. Ta ló máa wá wọ bàtà tẹ̀ ẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni Desmond, káfíńtà wa, ṣe fi ẹsẹ̀ lásán gun òrùlé lẹ́yìn òjò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ igi kan tó rí dì mú.

Joy, ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, figbe ta. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo yín! Iṣẹ́ dúró!"

Bàbá Àlàmú, olórí ìjọ wa, jáde pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn. "Ẹnjiníà, ìkórè ti dé tán. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Pákó tutù, ìṣó wà nílẹ̀ káàkiri, kò sẹ́ni tó wọ bàtà. Èèyàn lè kú síbí."

"Ilẹ̀ mímọ́ ni, ọmọ mi. Ọlọ́run ń ṣọ́ wa."

"Àmín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ya ilé náà sí mímọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yà á sí mímọ́, èmi náà á bọ́ bàtà. Ní báyìí, ibi iṣẹ́ ni."

Inú bí mi sí i, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá bọ́ sùtánà rẹ̀, ó gbé e fún Charity ìyàwó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé bàtà oko òun wá.

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó bọ́ aṣọ ìjọsìn, kó wọ bàtà," ló wí. Ó wọ tirẹ̀, ó ṣíwájú wa wọlé. Àgbà tó ṣe é bá sọ̀rọ̀ nìyẹn!

Joy fún wa ní akoto láti dé sórí. Ó ní kí àwọn tó wà lókè so okùn mọ́ra, kí a sì dúró kí pákó gbẹ. Ìkórè bá wa láìsí òrùlé. Abẹ́ tapólì la ti ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Desmond fò lé pákó kan tí iyanrìn bò. Nígbà tó bọ́ bàtà rẹ̀, a rí ìṣó gígùn tó há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò dé ẹran ara. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀, tó ń sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé, ì báà jẹ́ ilé Ọlọ́run, ẹ wọ bàtà, ẹ dé akoto. Ẹ yọ ìṣó kúrò lára pákó. Ẹ má gun òkè láìso okùn, ẹ má sì torí ọjọ́ ayẹyẹ kánjú.

Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, Joy bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ṣèlérí. Desmond ló ń jó níwájú, ẹsẹ̀ lásán, kò sí ojú àpá kankan níbẹ̀.