Búrẹ́dì Ẹlẹ́ran ti Ouando

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ fírítì Akron, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ!" Adizatou pariwo. Ó ju ẹyọ iṣu díndín kan sẹ́nu, ó sì rún un tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi máńgòrò náà fi gbọ́ ìró rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ti Akron máa ń dún báyìí?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹni méjì ni ìlú Porto-Novo mọ̀ nígbà náà sí búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Bàbá Moumouni wà ní àdúgbò Ouando, àbúrò rẹ̀ sì ní ìsọ̀ mìíràn ní ẹnubodè Kraké, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun. Tàǹtí Sikiratou wà ní àdúgbò Akron, òun náà sì ní ẹ̀gbọ́n tó ń tà á ní Cotonou. Moumouni máa ń lọ ẹran pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ, á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sórí irin gbígbóná, á wá fi sáàárín búrẹ́dì. Iṣu ló fi ń ṣe fírítì tirẹ̀, tínínrín, gbígbẹ. Sikiratou ní tirẹ̀ máa ń fi máyònẹ́ẹ̀sì tó po fúnra rẹ̀ ra búrẹ́dì. Ànàmọ́ ló ń dín, ó máa ń gé e nípọn, ó rọ̀, ó sì dùn bí oyin.

"Honorine, sọ ọ́ fún wọn!" Adizatou ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Honorine dìde. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ ní kíláàsì wọn. Ó sọ bí ẹran Moumouni ṣe ń ta sáásáá lórí irin, títí itọ́ fi dà lẹ́nu àwọn tó ti jẹun yó pàápàá. Àwọn ará Ouando ló borí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rín wọn kì í pẹ́ lásìkò yẹn. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba, tí wọ́n sì kéde ìyípadà, ara ẹnikẹ́ni kò balẹ̀ mọ́. Rédíò ń kọrin ológun láti àárọ̀. Wọ́n á kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ sí oko lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe ìṣirò, ìdánwò BEPC tí wọ́n fi ń parí ìpele kìíní girama sì ń sún mọ́lé. Olùkọ́ kan kò wá mọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tó wà. Ènìyàn á fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn.

Ilé Honorine ló tún le jù. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá rẹ̀, Augustin, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó máa lọ sílé ná, pé ìgbìmọ̀ kan ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ wò. Láràárọ̀ ni ó ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà rẹ̀, á wá jókòó ti rédíò. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á dìde fùú.

Lọ́jọ́ kan, Akambi pe Honorine sẹ́yìn kíláàsì. Akambi ni olórí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, àbúrò Tàǹtí Sikiratou sì ni.

"Kámáráàdì," ó ní, "a ó ṣe ìpàdé lọ́la. Mo fẹ́ kí o sọ fún wọn pé oúnjẹ Moumouni da inú ẹ rú."

"Ṣùgbọ́n kò da inú mi rú."

"Ta ló bi ẹ́ ní ìyẹn? Ọkùnrin yẹn ń gba ọjà láti òdìkejì ẹnubodè. Ọ̀tá ìyípadà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ máa jẹun lọ́dọ̀ ọ̀tá."

"Kí wọ́n wá máa jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ, àbí?"

Akambi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnu ẹ mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá ẹ. Àbúrò bàbá mi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí bàbá ẹ yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́."

Honorine gbé àpò ìwé rẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀, ojú lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde ní ìpàdé. Èrò rẹ̀ ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo lòun máa sọ, kóun jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àgbàlá náà dákẹ́ tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra rẹ̀. Ó ní epo Moumouni ti dúdú bí èédú. Ó ní ẹran náà ń rùn, ata ló fi bo òórùn rẹ̀. Ó ní òun bì títí òun fi rò pé òun máa kú. Akambi kò rán an ní ìdajì ohun tó sọ.

"Nígbà wo?" Adizatou fà á láṣọ. "Honorine, nígbà wo ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀? Ṣebí àná la jọ jẹ ẹ́!"

Ariwo ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ouando!" Kí Honorine tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èrò ti tú jáde sójú títì pẹ̀lú orin lẹ́nu. Òun náà ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń pariwo pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé orin ló ń gbè.

Bàbá Moumouni ń dín iṣu lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, "ẹ rọra, yóò kárí gbogbo yín."

Wọ́n ya tábìlì rẹ̀ lulẹ̀. Ẹnì kan fẹsẹ̀ ta àdògán. Agbada epo gbígbóná dojú dé, gbogbo epo náà sì dà sí ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀.

Igbe tó ké kò jọ igbe ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n ká bí ẹyẹ. Ìyàwó rẹ̀, Balkissou, sáré bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Honorine dúró sójú kan láàárín ọ̀nà, ó ń wo awọ ẹsẹ̀ tó ń ṣí kúrò lára ẹran.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìránṣẹ́ kan kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní kí Augustin wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Honorine bú sẹ́kún ayọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Honorine nìkan ni kò mira.

"Kí ló ṣe ẹ́?" bàbá rẹ̀ béèrè. "Ṣé inú ẹ kò dùn ni?"

"Pàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Augustin gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ.

"Honorine, ta ló sọ fún ẹ pé kí o fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ra àga ọ́fíìsì fún mi?"

Kò nà án, kò sì jágbe. Ìbá sàn fún Honorine ká ní ó jágbe. Ó wọ sálúbàtà, ó sì mú un lọ sí Ouando, níbi tí Moumouni dùbúlẹ̀ sí lórí ẹní. Honorine kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, èmi ni mo parọ́ mọ́ yín. Ẹ má bínú." Moumouni kọjú sógiri.

Lọ́jọ́ Ajé, Augustin lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ọ̀nà tí ìpè náà gbà wá. "Bí iṣẹ́ náà bá ṣì jẹ́ tèmi lẹ́yìn èyí," ó ní, "màá ṣe é." Wọ́n ní kó máa padà lọ sílé.

Honorine náà dìde ní ìpàdé, ó ní irọ́ ni òun pa. Akambi kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ẹ wò ó, àwọn ọ̀tá ti fi oúnjẹ dí i lẹ́nu!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó lé e lórí. Àwọn kan náà tó gba irọ́ rẹ̀ gbọ́ láìbéèrè ohunkóhun, àwọn ni kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ sóko, òun ni wọ́n ń fún ní ibi tó le jù láti ro.

Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ouando ní gbogbo ọ̀sán. Ó ń bá Balkissou bẹ iṣu, ó ń gé e, ó ń wẹ àwo. Obìnrin náà kì í bá a sọ̀rọ̀ ju "gbé èyí, fọ tọ̀hún" lọ. Adizatou wá jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó gé iṣu pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọjá, wọ́n á di imú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tàǹtí Sikiratou fúnra rẹ̀ yọ láti Akron, ó de ìró rẹ̀ le ní ìdí, àwo ànàmọ́ díndín lórí. Àsìkò tí ilé ẹ̀kọ́ tú ni, ojú ọ̀nà sì kún. Àwọn ènìyàn dúró wòran, wọ́n rò pé ìjà ló bá wá.

Ó gbé àwo rẹ̀ síwájú Moumouni, tó ti lè jókòó sórí àpótí báyìí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rán Akambi níṣẹ́. Orúkọ mi ló fi ṣe ohun tó ṣe, ojú sì ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ nínú tèmi, kí èmi náà jẹ nínú tiyín."

Moumouni mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́. "Ó dùn," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ jù."

Sikiratou náà jẹ ti Moumouni lójú gbogbo wọn. "Ó gbẹ dáadáa. Iyọ̀ ẹ̀ ló pọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú èrò náà. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan sún mọ́ iwájú, ó ní kí Balkissou di búrẹ́dì ẹlẹ́ran fún òun. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìdánwò fi máa dé, ọjà Moumouni ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, Honorine sáré lọ sọ fún un pé òun yege. Moumouni mi orí, ó sì di oúnjẹ fún un.

"Bàbá," ó béèrè, "ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́," ọkùnrin náà ní. "Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ohun kan fún mi lónìí, màá ṣì lọ bi ẹlòmíràn bóyá òótọ́ ni."

Omi bọ́ lójú Honorine, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ó yé e nígbà náà pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni irọ́ gbà láti ba ènìyàn jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba ọdún. Ó yé e pẹ̀lú pé kò sí ìdààmú ilé, bó ti wù kó le tó, tó yẹ kí a torí rẹ̀ purọ́ mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ wá. Ó gba oúnjẹ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó sì wọlé lọ bá Balkissou bẹ iṣu.