Òwú Onídìrí Lórí Bọ́tìnnì Blẹ́ńdà

Ọjọ́ Sátidé ni. Láti ìdájí ni Muslimah ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti fọ aṣọ, ó ti wẹ ìyá ọkọ rẹ̀, àsáró ìyá náà sì ti ń hó lórí iná. Nínú pálọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Ṣemílóore ti jókòó dè é pẹ̀lú irun títú. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti pè é lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bó ṣe máa ń rí fún un nìyẹn ní gbogbo Sátidé ní Agbowó. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ìlà tó ń là sórí èèyàn gún gbọọrọ, ilé Muslimah ni àwọn ọmọ yunifásítì ń júwe.

Surajudeen ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń rò pé òun ló gbé ilé náà ró. Ìka mẹ́wàá Muslimah ló gbé e ró. Gbogbo ará àdúgbò mọ̀, Surajudeen náà mọ̀, kì í kàn sọ ọ́ jáde ni.

Alhaja, ìyá Surajudeen, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ò gba oúnjẹ líle mọ́, dókítà sì ní kí wọ́n máa lọ oúnjẹ rẹ̀ kúnná kó má baà há a lọ́fun. Ìdí tí blẹ́ńdà ọlọ́wọ́ fi wọ ilé náà nìyẹn, irú èyí tí èèyàn máa ń dì mú bí orógùn, tí yóò ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìkòkò, tí abẹ kékeré tó wà nísàlẹ̀ yóò sì máa yí bírí títí oúnjẹ yóò fi kúnná.

Ìṣọ̀ Luqman ní Dùgbẹ̀ ni tọkọtaya náà ti rà á, bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà mọ ọjà rẹ̀, kò sì parọ́ fún wọn. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú wọn.

"Alhaji, ẹ wo èyí. Bọ́tìnnì méjì lẹ máa tẹ̀ pa pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni lọ́ọ̀kù rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jù ú sílẹ̀, ó kú nìyẹn. Ó rọ̀ lọ́wọ́. Irin tí kì í dípẹtà ni ẹsẹ̀ rẹ̀, torí náà oúnjẹ gbígbóná ò ní bà á jẹ́, ó sì ṣeé tú kúrò lára orí rẹ̀. Tí nǹkan bá há síbi abẹ, ẹ kọ́kọ́ yọ pulọ́ọ̀gì lára ògiri, ẹ tú ẹsẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá fi ṣíbí onígi fà á jáde. Ẹ má fi ọwọ́ fà á o."

Surajudeen gbé e wò, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Kí ni ti lọ́ọ̀kù? Ṣé ìbọn ni?"

Àwọn tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín. Inú Surajudeen dùn. Kò sí ohun tó tún ń dùn mọ́ ọn bíi kí èèyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹ̀rín bá sì ti bẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ á di. Ó na ọwọ́ sí òmíràn tó tóbi, tó dúdú, tó ń dán. "Pawa ti èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn lágbára ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n kò ní lọ́ọ̀kù, bọ́tìnnì rẹ̀ sì le. Alhaji, àsáró tó ti jinná ò nílò ìjà. Kì í ṣe pawa nìkan la fi ń ra nǹkan yìí."

"Èyí tó lágbára ni kó o dì fún mi."

Muslimah fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì náà wò. Ó ní, "Dádì Fáìzàh, èyí le o."

"Á rọ̀ tó bá yá," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n délé, ó ju ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú páálí sínú garawa ìdọ̀tí. "Ta ló ń kàwé kó tó lọ ata?"

Bọ́tìnnì náà kò rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Muslimah ń lọ oúnjẹ Alhaja, bó bá sì ti yọ ìka kúrò lórí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á dúró. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ti wú. Bó bá di irun mú, ìka náà á máa gbọ̀n. Ó sọ fún Surajudeen pé kó jẹ́ káwọn dá ẹ̀rọ náà padà fún Luqman, káwọn gba èyí tó rọ̀.

Surajudeen ní, "Alhaja fi ọlọ lọ ata fún ogún ọdún. Àtàǹpàkò tiwọn ò sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Muslimah ṣe dá ọgbọ́n. Òwú dúdú tó fi ń kó irun wà lórí tábìlì. Ó já a, ó fi tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, ó wé e léraléra, ó sì ta á ní kókó bí onídìrí ṣe ń ta kókó. Láti ọjọ́ náà, ara ògiri ló ti ń tan ẹ̀rọ, ara ògiri náà ló ti ń pa á. Àtàǹpàkò rẹ̀ sinmi, irun àwọn oníbàárà sì tún ń jáde bí wọ́n ṣe fẹ́. Kí ó lè dáàbò bo ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe ṣe é. Kò mọ̀ pé bọ́tìnnì tí èèyàn gbọ́dọ̀ dì mú gan-an ni ààbò ọwọ́, nítorí pé bí ọwọ́ bá kúrò níbẹ̀, abẹ á dúró. Inú ìwé tí ọkọ rẹ̀ jù sínú garawa ìdọ̀tí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Surajudeen rí òwú náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Fáìzàh, ọpọlọ rẹ pé."

Ní Sátidé tí à ń sọ yìí, àsáró náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná nígbà tí igi ẹ̀fọ́ gígùn kan tó wà nínú rẹ̀ wé mọ́ abẹ. Ẹ̀rọ náà kùn, ó fà, kò lè yí. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Fáànù pálọ̀ dúró, gbogbo ilé parọ́rọ́.

Muslimah kò yọ pulọ́ọ̀gì. Kí ló fẹ́ yọ ọ́ fún? Iná tí wọ́n bá mú lọ báyìí, ó lè di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i. Ó fa ẹ̀rọ náà jáde nínú ìkòkò, ó ki ìka méjì bọ ìdí abẹ, ó ń tú igi ẹ̀fọ́ náà bó ṣe máa ń tú irun tó bá ta kókó. Ó rí ibi tó ti ṣẹ́. Ó fà á, ó já.

Iná dé.

"Ap NẸPA!" Gbogbo ọmọ àdúgbò ló hó lẹ́ẹ̀kan náà, láti ilé dé ilé. Nínú ariwo ayọ̀ yẹn ni Muslimah ti ń ké. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé igbe tirẹ̀ yàtọ̀.

Nígbà tí Surajudeen sáré láti yàrá wọ ilé ìdáná, ẹ̀rọ náà ń fò káàkiri ilẹ̀, ó ń fọ́n ẹ̀jẹ̀ àti àsáró sí ara ògiri. Ó gbá a mú, ó ń wá ibi tí yóò ti pa á. Òwú wà lórí bọ́tìnnì. Ó fi èékánná ya á, ó fi eyín fà á, kókó onídìrí kò tú. Ṣemílóore tó sáré tẹ̀lé e láti pálọ̀ ló na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, tó fa pulọ́ọ̀gì yọ.

Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún Muslimah ti pàdánù orí; inú ìkòkò àsáró ni orí náà já bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó wá a. Ìka àárín là dé egungun.

"Bọ̀ọ́dá, ẹ jẹ́ ká bu omi tó mọ́ sí i, ká fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́," Ṣemílóore wí.

"Dákẹ́. Ọmọdé ni ẹ́." Surajudeen gbé kẹrosíìnì, ó dà á sí ọgbẹ́ náà. Muslimah dákú fún ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ọkọ rẹ̀ já òwú dúdú láti orí tábìlì, ó so ó mọ́ ìdí ìka méjèèjì, ó sì fún un títí òwú fi wọ ara. Kó tó jáde, ó gbé ìkòkò àsáró ẹlẹ́jẹ̀ náà, ó dà á sínú gọ́tà kí ìyá rẹ̀ má baà rí i. Ó fi Alhaja àti Fáìzàh, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́jọ, sílẹ̀ fún Ṣemílóore.

Kò gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní àwọn ọsibítù ńlá máa ń dá èèyàn dúró pẹ́, kẹ́míìsì kan wà ní ìkóríta tó mọ òun. Oníkẹ́míìsì gún un lábẹ́rẹ́, ó fi báńdéèjì wé òwú àti ọgbẹ́ pa pọ̀, ó ní kó lọ sinmi. Nígbà tó di ọ̀sán tí Muslimah sọ pé òun ò mọ ìka òun lára mọ́, tí wọ́n tú báńdéèjì náà tí ìka sì ti dúdú, ìgbà náà ni wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù.

Dókítà Fọláwùmí wo ọwọ́ náà, ó wo Surajudeen. "Ta ló so òwú yìí?"

"Èmi ni, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá."

"Láti aago mélòó?"

"Bí aago mẹ́wàá."

Ó ti kọjá aago méjì. Dókítà náà mú àlùmọ́gàjí, ó rọra gé òwú náà. "Ẹ̀jẹ̀ dá lóòótọ́, sà. Ó dá fún apá tó ṣì wà láàyè náà. Omi tó mọ́ lẹ máa ṣàn sí i. Aṣọ tó mọ́ lẹ máa tẹ̀ mọ́ ọn, kó le, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀ tààrà. Kò sí kẹrosíìnì níbẹ̀, kò sí òwú níbẹ̀. Orí ìka tó já ńkọ́?"

Surajudeen ń wo bàtà rẹ̀.

"Tí ìka bá já, ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ wá gbé ọ̀rá náà lé orí yìnyín. Kí yìnyín má kan ìka náà fúnra rẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé à bá rí i lẹ̀ padà, nítorí abẹ ẹ̀rọ máa ń rún ẹran. Ṣùgbọ́n à bá gbìyànjú. Níbo ló wà?"

"Inú gọ́tà," Surajudeen wí.

Muslimah gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n gé ìka ìlábẹ̀ láti ìdí. Wọ́n fi ìka àárín sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ti já, kò ká mọ́. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka Muslimah kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yàn án fún gígé wà lórí ìjókòó ní ìta wọ́ọ̀dù, ìka rẹ̀ mẹ́wàá pé, ó sì ń fi wọ́n tẹ fóònù.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn èèyàn wá kí wọn. Surajudeen ló ń gba àlejò. "Kádàrá ni," á wí. "Àmúwá Ọlọ́run. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí i?" Àwọn àlejò á mi orí. Ọjọ́ karùn-ún ló tó sú Muslimah.

"Dádì Fáìzàh, ẹ má fi Ọlọ́run bojú mọ́," ó wí lójú gbogbo wọn. Kò pariwo. "Ọlọ́run ò bá wa lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú èyí tó lágbára. Èmi ni mo so òwú mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ tún so òwú mọ́ mi lọ́wọ́. Èwo ni ti Ọlọ́run níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, Surajudeen fúnra rẹ̀ ló ń fi asẹ́ jọ oúnjẹ ìyá rẹ̀. Bí Alhaja bá rí ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, á pa ẹnu dé, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀, torí ó mọ̀ pé nídìí oúnjẹ òun ni ìka náà lọ.

Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń mú ọsàn wá. Lẹ́yìn náà wọn ò wá mọ́. Ṣemílóore ló dúró pẹ́ jù. Ó jókòó kí Muslimah dirí fún un, ó sì fara dà á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìlà náà wọ́, irun ń yọ̀ bọ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka tí kò ká. Ó dúpẹ́, ó ní ó dáa. Ní ọjọ́ kejì, Muslimah rí i lójú ọ̀nà, ó ti tú gbogbo rẹ̀, ó ti lọ dirí níbòmíràn. Ọmọ náà doríkodò, ó gba òdìkejì ọ̀nà. Muslimah kò bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù, pé kò sí ohun tí òun lè fi bínú.

Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, Fáìzàh mú òòyà wá, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Muslimah gbà á, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọ náà dìde, ó mú un lọ sí ìṣọ̀ onídìrí tó wà ní ojúlé kẹta.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní dirí fún mi mọ́ ni?"

"Jókòó, Fáìzàh. Má jẹ́ kí wọ́n máa dúró dè ẹ́."

Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ híjáàbù, ó sì ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn lórí ọmọ rẹ̀ títí irun náà fi tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní blẹ́ńdà nílé, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ̀rọ tó ń ranni lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹni tí yóò máa lò ó ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dì í mú wò, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó ní lọ́ọ̀kù. Ẹ ka ìwé inú páálí, bí kò bá yé yín ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín. Ẹ má so bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ì báà ṣe òwú, ì báà ṣe rọ́bà. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín bá ní nǹkan ń dun òun lọ́wọ́, ẹ má fi ìyá yín dá a lóhùn. Bí iná bá sì lọ nígbà tẹ́ ẹ ń lọ oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ má kà á sí pé ẹ̀rọ ti kú. Ẹni tó mú un lọ kò sọ fún yín ìgbà tí yóò dá a padà. Ẹ rìn dé ìdí ògiri, ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ pulọ́ọ̀gì, nígbà tí ọwọ́ náà ṣì pé.